Kòtò Ọ̀gbàrá Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Bísí

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo gbé àpótí aṣọ mi kan ṣoṣo wọ Ìgàndò ní Èkó láti Èkìtì, láti wá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Jọ́gíráfì. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà. Ilé ìwé méjì péré ni mo ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn lè fi rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa tí wọ́n ń jáde ilé ìwé gíga máa ń wá bi mí bóyá iṣẹ́ tíṣà dára láti ṣe. N kò rí bí mo ṣe lè dá wọn lóhùn ní gbólóhùn kan, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn nínú: mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, mo lọ. Ti owó oṣù, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi, àti ohun tí mo fi iṣẹ́ náà bà jẹ́.

Orí àpáta ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí bàbá mi gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé wa, kò tíì jìn dé orókún tí ọkọ́ fi kan òkúta. Mo rò pé bí ilẹ̀ ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn: ohun tó le, tó sì dúró sójú kan. Ìgàndò ni mo ti kọ́kọ́ rí ilẹ̀ tó ń rìn. Lókè, ilẹ̀ pupa ni. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ wọnú, ẹ ó kan yanrìn funfun tí kò di ara rẹ̀ mú. Gbogbo rẹ̀ ló dagẹ̀rẹ́ lọ sí ẹ̀bá odò. Oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ló pọ̀ nígbà náà. Láti ilé tí mo háyà yàrá sí títí dé ilé ìwé, mo lè ka iye òrùlé tí mo bá pàdé.

Olórí ẹ̀ka Jọ́gíráfì ni ọkùnrin kan tí àwọn ọmọ ń pè ní Bàbá Òkúta, nítorí pé òkúta kì í wọ́n nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Bí ó bá ń rìn bọ̀, ẹ ó máa gbọ́ wọn tí wọ́n ń gbá ara wọn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọ̀gá ilé ìwé pàápàá. Ọjọ́ kejì tí mo dé, òjò ńlá ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo wọ bàtà gogoro funfun kan tí mo rà fún iṣẹ́ tuntun. Ẹnu géètì ni mo bá a, ó fi igi tọ́ka sí ilẹ̀.

"Míìsì, kí nìyí?"

"Yanrìn ni, sà."

"Ta ló kó o síbí?"

"Òjò ni, sà."

"Òjò ń kó yanrìn bọ̀ láti ojú ọ̀run, àbí?" Àwọn ọmọ tó wà nítòsí ti ń fọwọ́ bo ẹnu. "Ibo ló ti gbé e? Ilẹ̀ ta ló jí?"

Mo ní bóyá láti òkè ni.

"Bóyá! Gbogbo ìwé ẹ̀rí tó wà nínú fáìlì yín yẹn, bóyá ló wà nínú rẹ̀? Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ bá ẹni tó nilẹ̀. Ẹ sì bọ́ bàtà ìyàwó yẹn jàre."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. A tọ ipa yanrìn náà gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, a gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kan, títí a fi dé ẹnu kòtò ọ̀gbàrá tó wà lẹ́yìn kíláàsì wa. Ó jìn ju ènìyàn méjì lọ. Bàbá Òkúta sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló ti kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ó ní bí ewé àti koríko bá bo ilẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀kán òjò dúró kó tó kanlẹ̀, gbòǹgbò á sì di ilẹ̀ mú. Bí ilẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, ẹ̀kán òjò á máa lù ú bí òkò, á tú u, omi á sì gbé e. Omi tín-ín-rín mẹ́wàá á pàdé, wọ́n á di ọ̀kan. Èyí tó bá sì di ọ̀kan ti ní agbára.

"Ṣùgbọ́n omi nìkan kò lè gé ilẹ̀ báyìí, míìsì. Yanrìn tó kó lọ́wọ́ ni ọ̀bẹ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo ní mi ò mú ìwé wá. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sórí."

Iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe tí n kò tíì rí kí tíṣà mìíràn ṣe. Ó ti ri èèkàn igi mẹ́wàá mọ́lẹ̀ sí etí kòtò náà, ó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára wọn. Lẹ́yìn gbogbo òjò tó bá lágbára, kí ilé ìwé tó to ìlà àárọ̀, a gbọ́dọ̀ ti fi okùn wọn ìwọ̀n tó kù láti èèkàn dé etí kòtò. Ó ta kókó sára okùn náà ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí a tó fọwọ́ kan èèkàn rárá, a ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìdí kòtò. Òfin rẹ̀ nìyẹn.

Ní òjò ọdún kejì, mo ṣẹ̀ sí òfin yìí. Ìpàdé kan wà lọ́jọ́ náà, mo ti lọ aṣọ mi dáadáa, n kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kàn án. Òkè ni mo dúró sí, mo wọn èèkàn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo sì kọ ohun tí mo rò pé ó wà nísàlẹ̀. Mo gbé ìwé náà fún un. Kò wo ìwé. Ẹsẹ̀ mi ló wò.

"Ẹsẹ̀ yín mọ́," ló wí.

Ó ya ojú ewé náà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, ó ká a, ó fi sínú àpò mọ́ àwọn òkúta rẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì pinnu láti padà sí Èkìtì. Nígbà tí ilé ìwé parí, ó wá pè mí ní ẹnu yàrá àwọn tíṣà, ó mú mi lọ sísàlẹ̀. Nítòsí èèkàn keje, níbi tí mo kọ pé ohun kan kò yí padà, omi ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ bí ìgbà tí ikán bá wọnú òpó. Orí rẹ̀ dúró, koríko wà lára rẹ̀, ewúrẹ́ kan ń jẹun níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ti di òfìfo. Bàbá Òkúta lé ewúrẹ́ náà, ó wá fi igi ti orí ilẹ̀ yẹn láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ pẹ̀lú èèkàn. Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Èmi náà fi ojú mi gbà á. Láti ìgbà náà, fún ọdún púpọ̀, ẹsẹ̀ mi kò mọ́ mọ́ ní àsìkò òjò.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó fún mi ní okùn rẹ̀. Ó padà sí ìlú wọn, kò sì pẹ́ tí a fi gbọ́ pé ó ti kú. N kò lè lọ sí ìsìnkú náà nítorí ìdánwò àṣekágbá. Títí di òní, ó ń dùn mí.

Èmi náà wá di olórí ẹ̀ka, mo sì ń mú àwọn ọmọ lọ sínú kòtò. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju pátákó ìkọ̀wé lọ. Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tó ń jẹ́ Bísí, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ọjọ́ kan tí ó ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ní, "Mà, ṣé máàkì wà fún èyí tó wà lára aṣọ ni, àbí èyí tó wà nínú ìwé nìkan?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ wá sí ilé ìwé. Aránṣọ ni, òun ló ń rán aṣọ ilé ìwé fún ìdajì àwọn ọmọ wa. Ó na aṣọ Bísí sí mi, ó ti pupa bí epo.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Ṣé ẹ̀kọ́ lẹ ń kọ́ wọn ni, àbí ẹ ń fi wọ́n gbẹ́ kòtò?"

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ dé ìparí, ó mi orí. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọ aṣọ ilé lọ. Aṣọ tí mo fi ọwọ́ mi rán, mi ò lè máa wò ó níran."

Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ó jù mí lọ ní ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò pè mí ní orúkọ rí. Tíṣà ló ń pè mí. Òun àti ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ni wọ́n wá ilẹ̀ fún èmi àti ọkọ mi ní àdúgbò Ẹgàn, ilé mẹ́ta sí tiwọn. Nígbà tí Bàbá Bísí kú, ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n sin ín sí, lápá ẹ̀yìnkùlé, bí ó ṣe fẹ́. Wọ́n fi táìlì funfun bò ó. Ìyá Bísí ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni òun máa sùn tí àkókò òun bá tó.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, Ìgàndò ń yí padà lójú wa. Wọ́n gé igbó, wọ́n tú oko ẹ̀gẹ́ ká. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì mi, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò pé òjò ló pọ̀ sí i. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tí ilẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀, páànù ń dà á sórí síméńtì, síméńtì ń tì í sí títì, títì ń tì í sí gọ́tà. Wọ́n la gọ́tà ńlá kan gba àdúgbò wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà dúró lágbedeméjì. Ibi tí gọ́tà náà parí sí ni ẹ̀yìn ilé Ìyá Bísí. Gbogbo omi òpópónà mẹ́fà ń tú jáde níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sórí ilẹ̀ tí kò ní koríko. Lọ́dún àkọ́kọ́, ojú omi kékeré kan ni, tí àwọn ọmọdé ń fò kọjá. Nígbà tó yá, a fi pákó ṣe afárá sórí rẹ̀. Nígbà tó tún yá, pákó kò tó mọ́. Àwọn ènìyàn ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ń dí i. Ìdọ̀tí sì ń darí omi sí ẹ̀gbẹ́, omi ń gé ẹ̀gbẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mo ri èèkàn síbẹ̀, bí a ṣe kọ́ mi. Mo sì ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ti ń yí padà, èmi náà sì ń yí pẹ̀lú wọn. Okùn Bàbá Òkúta já, mo ra téèpù onírin. Ilé ìwé gba kọ̀ǹpútà kan. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, ọmọ mi Tóbi sì fi hàn mí bí mo ṣe lè rí àwòrán ilẹ̀ wa tí wọ́n yà láti òfuurufú, ti ọdún yìí àti ti ọdún tó kọjá, kí n sì fi ìka fa ìlà láti ibì kan sí ibòmíràn kó sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún mi. Ẹnu yà mí. Mo rò pé ká ní Bàbá Òkúta wà láyé ni. Orúnkún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí nígbà náà, dókítà sì ti ní kí n yéé gun òkè. Fóònù yìí wá dà bí ẹni pé Ọlọ́run fi ràn mí lọ́wọ́. Mo ń jókòó sí pálọ̀ mi, mo ń wo kòtò.

Ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí Ìyá Bísí ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ Sátidé kan. Bísí ti wá láti Bàrúwà, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ó ti di ìyá ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹnu náà ṣì mú. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ kó lọ bá òun, kí wọ́n sì wú òkú bàbá rẹ̀ lọ sí ibi ìsìnkú ìjọ wọn kí òjò tó dé. Ó ti bá àlùfáà sọ ọ́, ó ti rí àwọn tó máa ṣe é, ọkọ̀ sì wà nílẹ̀. Ìyá Bísí kò gbà.

"Wọ́n sin ín, ó ti sinmi, ẹ fẹ́ lọ máa gbé egungun rẹ̀ ká Èkó kiri," ni Ìyá Bísí wí. "Ẹ jókòó, Tíṣà. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí."

"Mà, ẹ wo ibi tí kòtò yẹn dé," ni Bísí wí fún mi. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Láti táìlì funfun náà dé etí kòtò, àyè ọgbà ẹ̀fọ́ kan ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sì hù dáadáa lórí rẹ̀.

Ìyá Bísí dúró tì wá. "Ẹ̀yin lẹ mọ ilẹ̀, Tíṣà. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe. Tí ẹ bá ní ó ti tó àsìkò, màá gbé e lọ lónìí, màá sì tẹ̀ lé ọmọ mi. Tí ẹ bá ní àyè ṣì wà, kí Bísí fi mí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi."

Mo yọ fóònù. Mo fi àwòrán hàn wọ́n, mo fa ìlà, mo wo ìwé èèkàn mi. Mo pín gbogbo ohun tí ilẹ̀ ti pàdánù sí iye ọdún. Mo ní bó ṣe ń lọ yìí, ó kéré tán, ọdún mẹ́jọ ṣì wà.

"Ṣé o gbọ́?" Ìyá Bísí pàtẹ́wọ́. "Ọdún mẹ́jọ! Màá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó pé bẹ́ẹ̀."

Bísí kò wo fóònù. Ó wò mí lójú. "Mà, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀?"

"Bísí," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mò ń bèèrè ni, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibi tí mo ti ṣìnà gan-an nìyí. Bí mo bá sọ pé orúnkún mi ni kò jẹ́, òtítọ́ ni ì bá jẹ́. Bí mo bá sọ pé kí wọ́n mú mi lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀, wọn ì bá mú mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo kọ́ ló ń bi mí, níwájú ìyá rẹ̀, ó sì dùn mí.

"Bísí, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ ènìyàn nípa ilẹ̀," ni mo wí. "Irinṣẹ́ ti yí padà. A kì í tọ inú ẹrẹ̀ mọ́ kí a tó mọ nǹkan."

"Má rí àgbà fín," ni ìyá rẹ̀ sọ fún un. Bísí kúnlẹ̀, ó ní kí n dárí ji òun. Mo gbé e dìde, mo tún fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ẹni tó ṣe ohun rere. Ó padà sí Bàrúwà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Òjò àkọ́kọ́ lọ́dún náà kò ṣe ohun kan. Ìsinmi òjò oṣù kẹjọ dé, ilẹ̀ gbẹ, Ìyá Bísí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀fọ́ orí kòtò náà ni òun máa fi ṣe àsè ìfẹ̀yìntì mi. Nínú oṣù kẹsàn-án, òjò padà. Ọjọ́ Àìkú kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé, mo ń bọ́ gèlè, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì rọ̀ tó wákàtí kan tí mo fi gbọ́ ìró kan tí kì í ṣe ààrá. Ó jọ ìgbà tí ènìyàn ńlá bá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ariwo àwọn ará ilé òdìkejì: "Ìyá Bísí! Ẹ jáde o!"

Mo sáré pẹ̀lú orúnkún mi. Wọ́n ti fà á jáde sí iwájú ilé, kò wọ bàtà, aṣọ ìsìn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọgbà ẹ̀fọ́ ti lọ. Ìlà kan ti là sí ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kànga dé ara ògiri, ó ń fẹ̀ lójú wa. A dúró sí ibi tí a lè rí táìlì funfun náà. Ilẹ̀ tó gbé e kò yọ́, kò fọ́. Ó tẹ̀ síwájú lódindi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, ó sì lọ. Yàrá méjì ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Omi pupa gba gbogbo rẹ̀.

Ìyá Bísí di ọwọ́ mi mú títí ó fi ń dùn mí.

"Tíṣà," ni ó wí, "ẹ ní ọdún mẹ́jọ."

Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn ọmọkùnrin ìjọ àti àwọn ará àdúgbò fi wá àpótí òkú náà gba ẹ̀bá odò lọ títí dé apá Akẹ̀sán. Abala táìlì kan ni wọ́n rí. Yanrìn tó lọ lọ́jọ́ náà tó láti bo ilé kan mọ́lẹ̀, ta ni yóò mọ abẹ́ èyí tó wà. Bísí ló wá kó ìyá rẹ̀ lọ. Ó kí mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ló gbé, ó sì gbé e kọjá níwájú mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀, mo gba ọ̀pá, mo ní kí àwọn ọmọkùnrin ìjọ méjì mú mi lápá, mo sì sọ̀kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró níbẹ̀ á rí i. Lẹ́yìn ilé tó tẹ̀ lé ti Ìyá Bísí, tí kò tíì wó, ilẹ̀ pupa le lókè bí òrùlé. Lábẹ́ rẹ̀ ni yanrìn funfun, omi sì ti fọ yanrìn náà jáde, ó ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ bí ihò tí ènìyàn mẹ́ta lè sá sí lẹ́ẹ̀kan náà. Gbòǹgbò igi ọsàn kan rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè kò lè rí èyí. Èèkàn etí kòtò kò lè rí i. Ohun tí mo wọ̀n ni ètè. Inú ẹnu ni n kò wò. Mo tún pín in bí ẹni pé ilẹ̀ ń lọ ní ìwọ̀n kan náà lọ́dọọdún. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ lè dúró ọdún márùn-ún láì yẹ̀, kó sì lọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ tí n kò lè ka iye wọn ní ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ fún àwọn tó ń gbé ilé kejì náà kí wọ́n jáde lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n jáde.

Oṣù méjì kọjá kí n tó lè dé Bàrúwà. Mo bá Ìyá Bísí ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, nínú yàrá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Ẹ jókòó. Ṣé ẹsẹ̀ ti ń san díẹ̀díẹ̀?"

"Mo wá bẹ̀ yín ni, Ìyá Bísí."

"Nítorí kí ni? Ṣé ẹ̀yin lẹ rọ òjò ni?"

"Mi ò sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún yín pé ọdún mẹ́jọ, mi ò tíì dé ìsàlẹ̀ kòtò yẹn láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta."

Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó gé òwú, ó sì ń wá ojú abẹ́rẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo fẹ́ bá a ki òwú náà bọ̀ ọ́, kò gbà.

"Bísí sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn lórí fóònù pé ẹ ò sọ̀kalẹ̀," ni ó wí. "Mo bá a jà. Mi ò gbé ìpè rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan."

Ó fi òwú náà sílẹ̀.

"Mi ò bínú pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, Tíṣà. Ta ló mọ inú ilẹ̀? Ṣùgbọ́n ká ní ẹ kàn sọ pé ẹ ò mọ̀ ni. Ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé yẹn náà là bá ti gbé e."

Ó dá mi lóhùn pé òun ti dárí jì mí, mo sì gbà á gbọ́, nítorí pé onígbàgbọ́ tòótọ́ ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó kú. Ibi ìsìnkú ìjọ ni wọ́n sin ín sí, láàrin àwọn tí kò mọ̀ rí. Mo wà níbẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ tíṣà dára: ó dára. Ẹ ó rí àwọn ọmọ tí ojú wọn á là lójú yín, kò sí owó tó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìgbà tí ẹ bá pẹ́ nídìí rẹ̀ ni ewu rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbà náà ni àwọn ènìyàn kò ní bi yín mọ́ bí ẹ ṣe mọ ohun tí ẹ sọ. Wọ́n á kàn gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún dókítà, fún bíríkìlà, fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ń pè ní ọ̀gá. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá gbé ilé rẹ̀ tàbí òkú rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu yín, tí ẹ kò sì tíì fi ojú ara yín rí ìdáhùn, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ̀, kí ó lè rí àyè kó ẹrù rẹ̀.